Orúnkún Màmá àti Ìgò Gífítì Eden

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Èmi Ọládùnní Adédìran, Ìyá Àgbà nínú Olúwa, ìyá ìjọ aláṣọ funfun ní River Road, Barking, nílùú òyìnbó, ẹni tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì EL1 kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ bó ti wù kó pẹ́ tó, ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lónìí, kí ayé lè mọ ohun tí ojú mi ń rí ní ọdún yìí. Kí ẹni tó bá ń kà á jókòó dáadáa. Kó ṣí fìlà.

Orúnkún òsì mi tún ti wú. Lífítì ilé wa ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá, àjà kẹta la sì wà. Bí mo bá dé àjà kejì, màá dúró kọ odindi orin kan kí n tó lè máa gòkè lọ. Ta ló máa ń dúró tì mí? Kúnmi, ọmọ ọmọ mi. Ta ló ti ń fi àdí àgbọn pa orúnkún náà ní alaalẹ́ láti ọdún mẹ́ta? Kúnmi náà ni. Ọmọ tó rẹwà, tó lóye, tí mo fi Bíbélì kọ́ ní Yorùbá kíkà, tí ohùn rẹ̀ sì lè di ohùn ẹnikẹ́ni. Ilé-ìwé tó lé e nítorí pé ó fi ohùn ọ̀gá wọn sọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé, wọn kò mọ iyì ẹ̀bùn. Ìdajì àwọn ọmọ náà ti dé ibùdókọ̀ kí wọ́n tó mọ̀.

Mo fẹ́ràn Kúnmi ju gbogbo ẹ̀dá lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kó má bàa sí àríyànjiyàn.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Àwọn kan kó dé òkè wa lónìí. Clement ni orúkọ bàbá, ó ń wa ọkọ̀ ẹrù fún ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth. Eden ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó fi ọdún kan ju Kúnmi lọ, ó sì ga jù ú lọ láìnídìí. Dangriga ni wọ́n ti wá, ní ilẹ̀ Belize. Garifuna ni ẹ̀yà wọn, wọ́n dúdú bíi tiwa, ṣùgbọ́n èdè wọn kò jọ èyí tí etí mi gbọ́ rí.

Bàbá ló gbé gbogbo ẹrù. Ìgò kan ṣoṣo ni Eden gbé, ó fi súwẹ́tà wé e bí ọmọ tuntun. Mo wà lórí àtẹ̀gùn, mò ń kọ orin àjà kejì mi lọ́wọ́. Mo ní, "Kí lo pọ̀n bẹ́ẹ̀?"

"Gífítì ni, mà. Rọ́ọ̀mù àti egbò. Ìyá mi àgbà ló ṣe é. Ó kú ní oṣù Kẹta."

Ó tú súwẹ́tà náà, ó ṣí ìgò fún mi. Egbò, èèpo igi àti ewé gbígbẹ kún un dé ọrùn, ọtí pupa bí tíì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mo fi imú sí i. Mo dijú.

"Kànáfùrù wà níbẹ̀," mo wí. "Áyù wà níbẹ̀. Ohun kan tó jọ èèrù, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèrù. Èèpo igi yìí, ẹ̀yìn ríro lẹ̀ ń lò ó fún."

Ẹnu Eden là sílẹ̀. "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìyá mi ló ń ta egbò ní Òkè-Agbò, n'Íjẹ̀bú-Igbó."

Kúnmi wà lẹ́yìn mi, ó gbé àpò iṣu mi dání. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Kò gbọ́ ọ rí pé ìyá mi ta egbò.

Àti pé Màmá lọmọ yẹn pè mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Ìjọ wa kò fàyè gba ọtí. Ṣùgbọ́n ẹnu la fi ń mu ọtí, orúnkún kò ní ẹnu. Ohun tí mo sọ fún Kúnmi nìyẹn nígbà tó wọlé bá Eden níbi tó ti ń fi gífítì pa mí lẹ́sẹ̀. Eden ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe é nílé wọn: ẹni tí inú ń run á mu ún, ẹni tí oríkèé ń ro á fi para, ẹni tí nǹkan kan kò ṣe á ní nǹkan ń ṣe òun.

Mo gun àtẹ̀gùn lónìí láìdúró. Mo jó dé iwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ rí mi.

Ọdún mẹ́ta àdí àgbọn. Ẹnikẹ́ni kò jó.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Eden tún wá. Ẹran tó wà nínú ọbẹ̀, òun la fún ní èyí tó tóbi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Òjò kò rọ̀, oòrùn yọ díẹ̀. Màmá mú Eden lọ sí etí odò Roding. Mo fẹ́ sọ pé èmi mú un lọ. Kúnmi wọ bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé tiwa, ó sì fara pamọ́ sínú koríko lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ kan.

Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀, ìyẹn ohun tí mo sọ, kò yé mi títí di ìsinsìnyí. Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti dé Barking ni mo ti ń wo ewé etí odò yìí látojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, tí mò ń kí wọn nínú ọkàn mi. Mo ní nígbà tí mo wọ aṣọ funfun, mo pa ewé tì, mo di ẹni tó ń lo omi àti òróró nìkan, n kò sì rò pé yóò máa dùn mí pẹ́ tó báyìí.

Eden ní, "Ìyá mi àgbà máa ń lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, á dé ní ìrọ̀lẹ́, á fún egbò rẹ̀ ní ọtí. Ó ní Ọlọ́run kò lè bínú sí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ lé àyà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kì í rín nílé.

"Wo èyí," mo wí, mo fi ọ̀pá tọ́ka. "Èsìsì òyìnbó nìyẹn. Ó ń jóni o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sè é, ó dára fún oríkèé."

Inú èsìsì yẹn gan-an ni Kúnmi jókòó sí.

Igbe tó ké, kíákíá ló sọ ọ́ di ti pẹ́pẹ́yẹ. Ó sì ṣe é dáadáa, àwọn pẹ́pẹ́yẹ gidi dá a lóhùn lórí omi. Eden ní, "Màmá, kí nìyẹn?"

"Pẹ́pẹ́yẹ ni," ni Màmá wí. "Ọ̀kan wà nílé mi tó ń ké báyẹn."

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá kò bi Kúnmi ní nǹkan kan. Ó kàn gbé òróró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Olùṣọ́ Godswill, olórí ìjọ wa, pè mí lórí fóònù lónìí, tàbí ẹni tó ní ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ìyá wa, àlàáfíà fún yín. A gbọ́ pé ọtí ti wọlé yín."

Mo bọ́ bàtà kí n tó dá a lóhùn. Mo ní, "Orúnkún ni, Olùṣọ́. Orúnkún nìkan ni."

Ó ní, "Ìyá wa, orúnkún tó bá fara kan ọtí lónìí, ọ̀la ló máa gbé yín lọ sí ilé ọtí."

Ní gbogbo àkókò yìí, Kúnmi wà ní bálùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

N kò fi gífítì para mọ́. Orúnkún ti wú, mo ti tún ń kọ orin ní àjà kejì. Eden kanlẹ̀kùn, n kò ṣí i. Kúnmi fi àdí àgbọn pa mí lẹ́sẹ̀, a jọ wo tẹlifíṣọ̀n. Ata rodo ti wọ́n ní ọjà Barking. Ó jẹ́ ọjọ́ tó dára púpọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn níwájú Olùṣọ́, ó ní òun ti jáwọ́. Olùṣọ́ ní, "Ẹ jáwọ́ nínú kí ni, Ìyá wa?"

Nínú bọ́ọ̀sì kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibùdókọ̀ Abbey. Ibẹ̀ ló ti wá ní, "Ohùn yẹn já gaara jù. Ikọ́ ń ṣe Olùṣọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, o ò mọ̀." Ó gun àtẹ̀gùn, ó kọjá ilẹ̀kùn wa, ó lọ kan ti Eden.

Èmi, Ìyá Àgbà nínú Olúwa, ti dárí ji Kúnmi pátápátá. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síbí ni pé n kò fi ẹnu sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti gba ìsinmi ilé-ìwé. Eden àti bàbá rẹ̀ lọ sí Birmingham, ó sì gbé ìgò rẹ̀ wá fún mi tọ́jú.

"Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án o, Màmá. Ọtí nìkan. Ọtí ló ń lọ, tí a máa ń bu òmíràn sí i. Egbò kì í lọ. Egbò yìí ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi."

Ó ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn èèyàn rẹ̀ máa ń rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi gbé wọn gúnlẹ̀ sí Belize. Lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ àgbà á kọ́kọ́ da díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, á wá bu fún àwọn tó kù. Lọ́dún yìí, Eden ni yóò dà á, orúkọ ìyá àgbà náà ni yóò sì kọ́kọ́ pè.

Mo gbé ìgò náà sí kọ́bọ́ọ̀dù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sùtánà mi. Ibẹ̀ yẹn, n kò jẹ́ kí Kúnmi fọwọ́ kàn án rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá

Kúnmi da ọtí inú ìgò náà sí síńkì. Tíì Lipton tó ti tutù ló fi rọ́pò rẹ̀, àwọ̀ wọn dọ́gba. Eré ni. Bó bá di ọjọ́ náà, Eden á da tíì fún àwọn baba ńlá rẹ̀, wọ́n á mu ún lọ́hùn-ún, wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Kúnmi fi ohùn bàbá arúgbó Garifuna kan béèrè fún ṣúgà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Àwọn òyìnbó ń yin ohun abúgbàù ọdún wọn lójú ọ̀run, Màmá kò lè sùn. Eden ti dé. Ó ní kí ìgò ṣì wà lọ́dọ̀ wa títí ọjọ́ á fi pé, nítorí ògiri yàrá òun ń tutù. Ó dì mọ́ Màmá. Ẹni tó bá mọ bí Màmá ṣe ń dì mọ́ èèyàn á mọ̀ pé ìyẹn pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Kúnmi ní inú ń run òun, kò lọ sí ìjọ. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Nǹkan funfun ti hù sí ọrùn ìgò bí irun àgbà, ó ń rùn bí aṣọ tí wọn kò sá.

Ó ronú. Nílé wa, ohunkóhun tó bá fẹ́ kan, ọbẹ̀ ni o, ẹ̀wà ni o, a máa ń tún un gbé ka iná ni. Ó bá da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ọbẹ̀, ó sì tan iná sí i. Egbò rọ̀. Èèpo igi bó. Ewé di bí ẹ̀kọ. Òórùn rẹ̀ gba àtẹ̀gùn kan. Nígbà tí Màmá wọlé tòun ti sùtánà, Kúnmi ṣì ń fi orógùn rò ó.

"Kí lò ń sè?"

"Gífítì, mà."

Màmá pa iná. Ó jókòó lórí àga kíṣìnì. Ó wo inú ìkòkò bí ẹni tó ń wo òkú.

"Ọtí inú rẹ̀ ńkọ́?"

Kúnmi wo síńkì.

"Kúnmi, kí ni ọmọ yẹn gbà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ẹ ò dárúkọ egbò kan fún mi rí," ni Kúnmi wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Òun, orí àtẹ̀gùn lẹ ti sọ fún un. Ẹ ò tíì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí tú bọ́tìnnì sùtánà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bí mo bá gbàdúrà láàárọ̀," ó wí, "ó dọ̀sán, màá gbọ́ àdúrà mi ní kíṣìnì, ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá tiro, màá rí ìtiro mi lọ́dọ̀ ẹ. Mi ò bá ẹ jà. Ọmọdé ni ẹ́, o sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ò pọ̀, Kúnmi. Mi ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn náà ní ohùn yẹn."

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Ìyá Àgbà nínú Olúwa kò ní ohun tí yóò kọ lónìí.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Eden wá wo ìgò rẹ̀. Màmá ti kó egbò tó rọ̀ náà padà sínú rẹ̀, ó ti nu ara ìgò mọ́. Ó gbé e lé Eden lọ́wọ́.

"Èmi ni," ó wí. "Mo rí i tó ń hu funfun, mo bá sè é. Ọjọ́ orí ti dé, ọmọ mi. Mo gbàgbé ohun tí o wí."

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì. Eden wo inú ìgò náà títí. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Mà ló wí, kì í ṣe Màmá. Ó gòkè lọ.

Láti oṣù Kẹsàn-án ni mo ti ń kọ "èmi" sínú ìwé yìí bí ẹni pé Màmá ni mí. Lónìí, Màmá dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ní "èmi", bí ẹni pé òun ni mí. Ó ṣe é jù mí lọ. Kò fi rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá

Màmá ti di tèmi nìkan. Mo fi àdí àgbọn pa orúnkún rẹ̀, ó ní o ṣé. A wo tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni Màmá ń wò. Bí ẹsẹ̀ Eden bá dún lórí àtẹ̀gùn, á rọra yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, títí ẹsẹ̀ náà á fi kọjá.

Òtútù mú. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyí, mo ti rí i gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá

Mo gòkè lọ. Lórí àtẹ̀gùn mo dán àwọn ohùn mi wò. Ti Màmá. Ti Olùṣọ́. Ti obìnrin inú ẹ̀rọ bọ́ọ̀sì tó máa ń sọ pé wọ́n ti ti ibùdókọ̀ tó kàn. Kò sí èyí tó lè sọ ọ́.

Clement ṣílẹ̀kùn, ó pe Eden, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni mo da ọtí ìyá ẹ àgbà nù. Tíì ni mo dà sí i. Nígbà tó bà jẹ́, èmi náà ni mo sè é." Ohùn mi kéré. N kò mọ̀ pé bó ṣe ń dún nìyẹn.

"Mo mọ̀," ni Eden wí.

"Màmá sọ fún ẹ?"

"Ẹni tó dijú tó mọ èèpo igi nínú òórùn, ṣé òun ló máa se gífítì?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ó mọ ohun tí ìgò yẹn jẹ́ sí mi. Ó mọ̀, ó wo ojú mi, ó parọ́ fún mi nítorí tìẹ. Mo rò pé mo ti tún ní ìyá àgbà mìíràn. Tìẹ nìkan ni. Tèmi ti kú. Ta ló máa parọ́ nítorí tèmi?"

Gbogbo ìgbà òtútù yìí ni mo ti ń jowú ọmọ yìí, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ohun kan wà lọ́wọ́ mi tí ẹnikẹ́ni lè fi jowú mi.

Mo ní, "Bí o bá ń gun àtẹ̀gùn, ó máa ń yí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kó lè gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Ó rọra tì í, ṣá.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kọkànlá

Eden kanlẹ̀kùn kí oòrùn tó wọ̀, òun àti Clement. Ó gbé ìgò náà wá, àti páálí kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Dangriga. Màmá kò béèrè nǹkan kan. Ó tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì, ó da egbò tí mo sè sórí rẹ̀, ó ń tẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù ti di ẹ̀rọ̀fọ̀. Ó mú èèpo igi kan tó le, ó fi eyín gé e, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu.

"Èyí kò kú," ó wí.

Èyí tí kò kú ló kọ́kọ́ wọnú ìgò. Wọ́n wá kó egbò tuntun inú páálí lé e lórí. Clement bu rọ́ọ̀mù sí i. Eden ní ọtí àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹnu, ó máa ń korò jù, dídà la máa dà á nù kí a tó bu òmíràn. Màmá ní òun mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n Clement wò mí.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, a sọ̀kalẹ̀ sórí koríko ìsàlẹ̀ ilé. Màmá fi ọwọ́ kan di èjìká mi mú, ó fi èkejì di ti Eden. Rọ́ọ̀mù lásán ló wà nínú ife ọwọ́ Eden, ó da díẹ̀ sílẹ̀, ó bá ìyá rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ife náà sí mi.

"Dà á. Kí o sọ fún un ẹni tí o jẹ́. Kò mọ̀ ẹ́."

Mo dà á. Mo sọ orúkọ mi àti ohun tí mo ṣe. Òtútù mú, ọkọ̀ ń kọjá, n kò rí ohùn ẹlòmíràn fi sọ ọ́.

Nígbà tí a padà sókè, Màmá mú èèpo igi kan jáde nínú páálí, ó ní kí a gbóòórùn rẹ̀, kí a má sọ nǹkan kan. Ó sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Mo gbọ́ ọ, n kò tún un pè. Eden ló kọ́kọ́ nà án sí. Mo rí i. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Àgbà nínú Olúwa kò kọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé yìí. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Èmi ni mo kọ ọ́, Kúnmi, ọmọ ọmọ rẹ̀, tí ilé-ìwé lé, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé Eden.